Ẹ̀rọ Tí Ń Bá Ara Rẹ̀ Wí

Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́, kì í ṣe lílọ rẹ̀ nìkan ni a ń retí. A ń retí àbọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó lọ sí ọjà tí kò padà wá sọ bí ọjà ti rí kò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà tán, nítorí ẹni tí ó rán an kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tilẹ̀ lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú a ṣe kìkì ohun tí a wí fún un. Ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ ẹ a fi ojú wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé, a sì fi ọgbọ́n tún ìrìn rẹ̀ ṣe kí ó lè bá ète ẹni tí ó rán an mu.

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, iṣẹ́ ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ayé ń jẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta kò bìkítà bóyá ata wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, yíyí ni yóò máa yí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kan wà tí ń wo àbájáde iṣẹ́ ara rẹ̀, tí ń jábọ̀ fún ara rẹ̀, tí ó sì ń bá ara rẹ̀ wí nígbà tí ó bá fẹ́ ṣìnà. Òun ni ó wà nídìí tẹlifóònù, bàálù àti róbọ́ọ̀tì. Ìtàn bí ènìyàn ti kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀mí tí ó bá a lọ kí a tó mọ ààlà rẹ̀, tó ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ìyá alákàrà rí ti rí ọgbọ́n náà kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí epo bá gbóná jù, tí ara àkàrà ń dúdú nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì jinná, ìyá náà a fa igi kan kúrò nínú iná. Bí àkàrà bá ń mu epo tí kò sì pọ́n, a ti igi náà padà. Kò sí ìwé tí ó ka iye igi fún un. Àkàrà tí ó wà lójú epo ni ó ń jábọ̀ fún un. Nǹkan mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ọgbọ́n yìí: ohun tí a fẹ́, ohun tí a rí, àti àtúnṣe tí a ṣe nítorí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì.

Ìgbìyànjú láti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹ̀rọ ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ktesibios wà ní ìlú Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní àkókò náà, omi tí ń kán láti inú ohun èlò kan sínú òmíràn ni wọ́n fi ń mọ wákàtí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí omi tí ó wà lókè bá ti ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kíkán rẹ̀ ń falẹ̀, wákàtí a sì di èké. Ktesibios fi ohun kan tí ó léfòó sí ojú omi náà. Bí omi bá kún dé ìwọ̀n, ohun tí ó léfòó a gbé ara sókè, a sì dí ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé. Bí omi bá fà, a sọ̀kalẹ̀, ihò a sì ṣí. Báyìí ni omi kò ṣe pọ̀ jù tí kò sì dín jù, láìsí ẹni tí ó dúró tì í.

Ní ọdún 1788, James Watt, ará Scotland, fi irú ọgbọ́n kan náà sára ẹ́ńjìnnì tí oru omi gbígbóná ń yí. Ó so bọ́ọ̀lù irin méjì mọ́ ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì náà ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré jù, bọ́ọ̀lù méjèèjì a fẹ̀ sóde, gẹ́gẹ́ bí etí aṣọ egúngún ti ń fẹ̀ nígbà tí ó bá ń yí bírípo lójú agbo. Bí wọ́n ti ń fẹ̀ ni wọ́n ń fa ìlẹ̀kùn kékeré kan dé mọ́ oru omi náà, agbára ẹ́ńjìnnì a sì dín. Bí ó bá falẹ̀ jù, wọn a wálẹ̀, ìlẹ̀kùn a sì tún ṣí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, àwọn ènìyàn rí i pé ìbáwí pàápàá lè di àìsàn. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí kì í fara balẹ̀: wọn a sáré, wọn a falẹ̀, wọn a tún sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ rí mọ ìdí rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀ sí òsì, ọ̀gbẹ̀rì a yí ọwọ́ rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ó tó mọ̀, kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ sí ọ̀tún. A tún fi ìbẹ̀rù yí i padà, títí tí igbó ẹ̀bá ọ̀nà yóò fi gbà á. Kì í ṣe pé kò ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, tí ó sì pẹ́ jù. Ní ọdún 1868, James Clerk Maxwell, tí òun náà jẹ́ ará Scotland, fi ìṣirò ṣàlàyé ìgbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò fara balẹ̀ àti ìgbà tí yóò ya wèrè. Ó wá hàn pé òwe tí ó ní àṣejù ni baba àṣetẹ́ kan irin gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ènìyàn.

Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń fi wáyà iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Tẹlifóònù ti ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti ń rìn jìnnà ni agbára rẹ̀ ń dín. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ró sí ojú ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n a fi àbùkù tirẹ̀ kún un, bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá gba ẹnu ènìyàn mẹ́wàá kọjá kí ó tó dé etí ẹni tí ó ni ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù August ọdún 1927, Harold Black, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gba odò Hudson kọjá lọ sí New York, nígbà tí èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò náà nìyí: kí a bù díẹ̀ nínú ohùn tí ó jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí a dá a padà sí iwájú rẹ̀ ní òdìkejì, kí àbùkù lè pa àbùkù rẹ́. Ẹ̀rọ náà yóò pàdánù púpọ̀ nínú agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá sọ yóò jẹ́ òótọ́.

Bí ó ti rí fún ẹ́ńjìnnì Watt náà ni ó rí fún wáyà. Àbọ̀ tí a kò wọ̀n dáradára lè di ariwo. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti ń han gooro nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí makirofóònù bá súnmọ́ ọn jù ti gbọ́ irú ariwo náà: ohùn jáde, ó tún wọlé, ó tún jáde pẹ̀lú agbára tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1932, Harry Nyquist, ẹni tí a bí ní Sweden tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell, fi ìṣirò fi ààlà ibẹ̀ hàn, kí ẹni tí ń so wáyà lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Gbogbo ẹ̀rọ tí a ti mẹ́nu bà wọ̀nyí kì í kúrò lójú kan. Ẹni tí ó jẹ́ kí irú wọn máa rìn kiri nínú ilé bí ẹ̀dá alààyè ni William Grey Walter. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàgbà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Burden ní ìlú Bristol kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ gan-an. Ọpọlọ ènìyàn ni ó ń yẹ̀ wò, pàápàá iná mànàmáná tí kò tó nǹkan tí ń ru bí ìgbì nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ǹjẹ́ ó di dandan kí ọpọlọ ní ẹ̀yà tí kò lóǹkà kí ẹ̀dá tó lè hùwà bí alààyè? Dípò kí ó máa jiyàn, ó kan ẹ̀rọ láti fi dán an wò.

Láàrin ọdún 1948 sí 1949 ni ó kan méjì àkọ́kọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ Elmer, èkejì ń jẹ́ Elsie. Ìjàpá ni a ń pè wọ́n, nítorí wọ́n ní igbá lẹ́yìn, wọ́n sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí táyà mẹ́ta. Ojú kan ṣoṣo tí ń mọ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ní. Ojú náà so mọ́ táyà iwájú, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí táyà bá kọjú sí ni ojú ń wò. Bí igbá ẹ̀yìn wọn bá kan nǹkan, a mì, mímì náà a sì so wáyà kan pọ̀ nínú. Ní ipò ọpọlọ, gílóòbù méjì péré, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́, ni Walter fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú wọn, kò sì sí àwòrán ilé tí wọ́n lè wò.

Síbẹ̀, ìwà wọn ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Nínú òkùnkùn, táyà iwájú a máa yí, ìjàpá a sì máa rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni tí ń wá ohun tí ó sọnù. Bí ojú rẹ̀ bá rí ìmọ́lẹ̀ tí kò le jù, yíyí náà a dúró, a sì dojú kọ ọ́. Bí ó bá súnmọ́ ọn tán, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì le jù fún un, a yà kúrò. Bí ó bá kọlu ẹsẹ̀ àga, a tì í, a yà, a tún tì í, títí yóò fi rí ọ̀nà gbà. Kò sì ní ka ìmọ́lẹ̀ kankan sí ní gbogbo àkókò tí ó bá fi ń jà láti bọ́. Ìjàpá inú àlọ́ a máa fi àrékérekè yọ ara rẹ̀ nínú ewu. Ìjàpá Bristol kò ní ju sùúrù lọ, ó sì ń yọ.

Ìwà tí ó hù nígbà tí ebi bá ń pa á ni ó wuni jù. Bátìrì ni oúnjẹ rẹ̀. Walter ṣe ilé kékeré kan fún un, ó sì tan iná tí ó mọ́lẹ̀ gidigidi sí inú rẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá kún, ìmọ́lẹ̀ náà le jù fún ìjàpá, kì í sì í fẹ́ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára bátìrì bá ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ tí ń lé e tẹ́lẹ̀ a wá di èyí tí ń fà á. A rìn wọ ilé lọ, irin ara rẹ̀ a kan irin tí ó wà nínú ilé náà, agbára a sì máa wọ inú bátìrì rẹ̀ padà. Nígbà tí ó bá yó, a tún jáde. Kò sí ẹni tí ó pè é wálé. Ipò tí ara rẹ̀ wà ni ó yí ìtumọ̀ ohun tí ó rí padà, bí òórùn ọbẹ̀ kan náà ti ń jẹ́ ohun kan létí imú ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì ń jẹ́ òmíràn létí imú ẹni tí ó yó.

Gílóòbù kékeré kan sì wà ní iwájú rẹ̀ tí ó máa ń tàn nígbà tí táyà iwájú bá ń yí. Nígbà tí wọ́n gbé e sí iwájú dígí, ó rí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Táyà dúró, gílóòbù sì kú. Bí gílóòbù ti kú, kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Táyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gílóòbù sì tún tàn. Báyìí ni ó ṣe ń ṣẹ́jú, tí ó ń gbọ̀n, tí ó ń jó níwájú dígí bí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán ara rẹ̀. Ní ọdún 1951, ní àkókò àjọ̀dún ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi irú àwọn ìjàpá náà han àwọn èrò ní London. Ní àkókò yẹn kan náà, Walter ti ń so wáyà mìíràn pọ̀ tí ó pè ní CORA. Pẹ̀lú rẹ̀, bí a bá ń fọn fèèrè nígbà gbogbo tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ó ń bọ̀ wá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà yóò dáhùn sí fèèrè nìkan, bí ẹni pé ó ti rí ìmọ́lẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun kan kù fún Elmer àti Elsie. Ìwọ̀n tí a fi ń bá wọn wí ti wà nínú wọn láti ọwọ́ ẹni tí ó kàn wọ́n. Bí a bá gbé ẹrù wúwo lé wọn lórí, tàbí bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, wọn kò lè sọ pé ọwọ́ tí àwọn fi ń yà tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Láti kan ẹ̀rọ tí ń bá ara rẹ̀ wí jẹ́ iṣẹ́ kan. Láti kan èyí tí yóò máa yí ìwọ̀n ìbáwí náà padà bí ayé rẹ̀ ti ń yí padà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì le jù ú lọ.

Àwọn tí ń ṣe bàálù ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ká lára jù. Nítòsí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ki, bí ìrù bàálù bá yà díẹ̀, gbogbo bàálù a yí. Ní òkè réré, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, yíyà kan náà kò sì ní ju bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ lásán wa ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìwọ̀n ìbáwí tí ó dára ní ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan lókè. Èyí tí ó dára lókè lè fọ́ bàálù sí wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1958, Whitaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde. Ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá kọ ìlà kan tí ó dára sí òkè ojú ewé, tí ọmọ ilé ìwé sì ń kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà a wo ti olùkọ́, a wo tirẹ̀, a sì yí bí ó ti di kálámù mú padà títí ìyàtọ̀ yóò fi dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a fi àpẹẹrẹ bàálù tí ń fò dáradára sínú ẹ̀rọ, ní ìṣirò. Ẹ̀rọ a máa fi ìfò rẹ̀ wé ti àpẹẹrẹ náà, a sì máa yí ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní MH-96. Ó ń fi kún agbára ìbáwí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bàálù yóò fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ó bá ti mọ ìgbọ̀n náà lára, a dẹ ọwọ́ padà. Onílù tí ń fa ọ̀ṣán gángan mọ irú ọgbọ́n yìí: ó ń fà á títí dé ibi tí ó mọ̀ pé bí òun bá fi kún un, yóò já. A fi MH-96 sínú ìkẹta nínú àwọn bàálù X-15, bàálù mẹ́ta tí Amẹ́ríkà kàn láti fi wádìí ìfò òkè réré. Abẹ́ apá bàálù ńlá B-52 ni X-15 ti ń bọ́ sílẹ̀ kí ó tó tan iná tirẹ̀, kí ó sì fò lọ sókè ju ibi tí bàálù èrò lè dé lọ fíìfíì. Neil Armstrong, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969, ni ó kọ́kọ́ fi ìkẹta yìí fò, ní ọjọ́ 20 oṣù December ọdún 1961. Lẹ́yìn ìgbà náà, bàálù yìí fò lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn awakọ̀ sì fẹ́ràn bí MH-96 ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù November ọdún 1967, Mejọ Michael Adams wọ inú rẹ̀. Ìgbà keje tí yóò fi X-15 fò nìyẹn. Bí ó ti ń gòkè lọ, iná mànàmáná láti ara ohun ìwádìí kan tí bàálù náà gbé bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ láàmú. Bàálù gòkè dé 266,000 ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti ń yà kúrò ní ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Adams ń wo aago kan tí ó yẹ kí ó tọ́ ọ sọ́nà. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ó jọ bí ẹni pé ohun kan ni aago náà ń sọ, òmíràn ni Adams gbọ́. Nítorí náà, àtúnṣe tí ó ń ṣe ń fi kún ìṣìnà náà. Bí bàálù ti padà wọ inú afẹ́fẹ́ tí ó ki, ní ìlọ́po márùn-ún ìyára ohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni ó mú ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀kọ́ fún gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí 118,000 ẹsẹ̀ bàtà, bàálù bọ́ nínú òyì náà. Ààyè ṣì wà láti là. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. MH-96 ń bá a wí pẹ̀lú gbogbo agbára tí ó ti kó jọ ní ibi tí afẹ́fẹ́ gbé fẹ́lẹ́, nígbà tí bàálù sì ti dé ibi tí ó ki. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà dẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n ìrù bàálù kò lè yára tó àṣẹ tí a ń pa fún un mọ́, ẹ̀rọ kò sì rí irú ìgbọ̀n tí a kọ́ ọ láti fi mọ̀ pé òun ti ṣe àṣejù. Ó tẹra mọ́ ìbáwí, bí ọ̀gbẹ̀rì orí kẹ̀kẹ́. Bàálù fọ́ lójú ọ̀run, Adams sì kú. Ẹni ọdún 37 ni. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ àwọn tí ó ti dé òfurufú dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ìrántí wọn ní Florida ní ọdún 1991. Ìrìn X-15 parí ní ọdún 1968, lẹ́yìn ìfò 199.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀rọ tí ń yí ara rẹ̀ padà, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó ti ìṣirò. Ní ọdún 1973, Karl Åström àti Björn Wittenmark ní ìlú Lund ní Sweden kọ̀wé lórí ẹ̀rọ tí ń fojú díwọ̀n bí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ti rí, tí ó sì ń yan ìwọ̀n ìbáwí tí ó bá a mu. Kò pẹ́ tí a fi dán an wò ní ibi tí a ti ń ṣe bébà. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ìṣirò múlẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì yóò ya wèrè, bí ohun gbogbo bá rí bí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọdún 1982, Charles Rohrs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ayé kì í rí bí ìwé. Bí ìgbọ̀n kékeré kan tí a kò fi sínú ìṣirò bá wà, ẹ̀rọ lè máa yí ara rẹ̀ padà nítorí rẹ̀ títí yóò fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Bí tábìlì ọmọ ilé ìwé bá ń mì, tí ó sì rò pé ọwọ́ òun ni ó burú, ibo ni ìwé rẹ̀ yóò já sí?

Láti inú àríyànjiyàn yìí ni ọgbọ́n tí a ń lò lónìí ti jáde. Èkínní, a fi ọgbà yí ẹ̀rọ ká: ó lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí a fi òpó sí. Èkejì, a kọ́ ọ láti má ṣe sáré tẹ̀ lé ohun tí kò tó nǹkan: bí àṣìṣe bá kéré dé ìwọ̀n kan, kí ó fi í sílẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ tábìlì ni ó mì. Ẹ̀kẹta, a jẹ́ kí ó máa gbàgbé díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀n tí ó kó jọ ní ibi kan má baà di ẹrù sí i lọ́rùn ní ibòmíràn. Pẹ̀lú àwọn ìṣọ́ra wọ̀nyí, apá róbọ́ọ̀tì lè gbé ẹrù tí ó fúyẹ́, kí ó sì gbé èyí tí ó wúwo tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà tí kò tó èékánná ọwọ́ sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ilé àwọn ènìyàn kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń kọlu ẹsẹ̀ àga, ó ń yà. Bí bátìrì rẹ̀ bá sì fẹ́ tán, a wá ilé rẹ̀ lọ láti gba agbára. Bí Walter, tí ó kú ní ọdún 1977, bá rí i, kì yóò nílò ẹni tí yóò júwe ẹbí rẹ̀ fún un.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ẹ̀rọ kan tí ó ṣubú nítorí pé ó kọ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ X-15 ń tún ara rẹ̀ ṣe títí dé òpin. Nǹkan méjì ni ó pa á lára: àbọ̀ tí kò gbọ́ dáradára, àti ìbáwí tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ̀. Òtítọ́ àbọ̀ ni Harold Black fi agbára rà lórí odò Hudson; ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni Maxwell wá nínú ìṣirò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbèrò láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ iwájú ní láti mú méjèèjì dání kí ó tó so wáyà àkọ́kọ́. Èyí tí kò gbèrò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú lè mú wọn dání, nítorí òun náà yóò máa jẹ́ iṣẹ́ ní ayé, yóò sì máa gbọ́ àbọ̀.